Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Ríbọ́ọ̀nù Dè

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹsàn-án, omi gbé Monínúọlá Ayọ̀rìndé lọ ní Ìgbẹmọ-Èkìtì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Obìnrin yìí kan náà ló gba góòlù lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà lójú omi fún ìpínlẹ̀ wa, níbi tí òkè pọ̀ ju omi lọ. Ẹ má dá omi lẹ́bi. Ohun tó pa á ní àdírẹ́sì ní Adó, ó sì ní àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó fi ìdíje sílẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá fún un níṣẹ́. Ó dá ilé iṣẹ́ ìrẹsì sílẹ̀ ní Ìgbẹmọ. Wọ́n ń rẹ ìrẹsì níbẹ̀, wọ́n ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń bó o, wọ́n sì ń ṣa òkúta inú rẹ̀ débi pé àwọn ìyàwó tuntun ní Adó kò bẹ̀rù àlejò mọ́. Mo ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní pólì. Ìyá Ìtùnú la máa ń pè é. Ó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kan pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìdíje máa ń kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Mo ní bí ìjọba wa náà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ó wò mí. “Ọmọ mi, àwa máa ń débẹ̀.”

Èrè ilé iṣẹ́ yẹn ló fi ra ọkọ̀ ojú omi kan, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti jákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ọdọọdún ni odò tó wà láàárín ìlú àti oko ìrẹsì máa ń kún, tó sì máa ń ká àwọn olùkórè mọ́ inú oko. Ó gbé ọkọ̀ náà fún ọ́fíìsì ìjọba kan ní Adó tó ń rí sí irú àjálù bẹ́ẹ̀, nítorí ó gbà pé ìjọba ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ ìjọba. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Wọ́n fi ẹ̀rín gbà á. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù pupa dè é láti imú dé ìdí, wọ́n sì tì í mọ́lé títí èèyàn ńlá kan yóò fi ráyè wá ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ni èèyàn ńlá kò fi ráyè. Mo gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù náà lẹ́ẹ̀kan, torí pé ó ti ṣá. Ta ló ní a kì í tọ́jú nǹkan?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, omi ká obìnrin mẹ́fà mọ́ orí òkìtì kan nínú oko. Ìyá Ìtùnú pe ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Adébáyọ̀, máníjà rẹ̀, dúró tì í, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù kò rí i fín rárá. Ó tilẹ̀ béèrè àlàáfíà ilé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì wà ní ìpàdé. Ní ìgbà kẹrin ló tó sọ òótọ́.

“Ẹ má bínú, mà. Wọn ò tíì gé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀.”

Ìyá Ìtùnú gbé fóònù fún Adébáyọ̀. Ó da omi inú ọpọ́n ike gbàǹgbà tí wọ́n fi ń rẹ ìrẹsì nù, ó mú pákó kan ṣe àjẹ̀, ó sì wọ odò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn, ìgbà mẹ́fà ló lọ. Fúnkẹ́mi, ọ̀kan nínú wọn, ló gbé kẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé nígbà tí ọpọ́n náà dojú dé, Ìyá Ìtùnú tì í mọ́ ẹ̀ka igi kan, ó ní kó dì í mú, kó má wẹ̀yìn. Obìnrin mẹ́fà ló padà délé.

Níbi ìsìn ìkẹyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó síwájú. Ó ti ráyè. Ó kéde pé wọn yóò fi orúkọ olóògbé pe ọkọ̀ náà, kí Ìtùnúolúwa, ọmọ rẹ̀, wá gé ríbọ́ọ̀nù náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìtùnúolúwa dìde. Kò gbé ohùn sókè.

“Ẹ ṣeun, sà. Ọjọ́bọ̀ tí ìyá mi kú ni kí ẹ padà lọ gé e.”

Ó padà jókòó.

Ṣé odò máa ń dúró de ìfilọ́lẹ̀ ni? Kí gan-an ni ríbọ́ọ̀nù yẹn ń ṣọ́? Wọ́n tún ń sọ pé àwọn máa gbẹ́ ère rẹ̀ sí gbàgede Fájuyì ní Adó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ. Mo mọ̀ yín, ẹ máa kọjú rẹ̀ síbi tó ń lọ.

Mo gba ọ́fíìsì náà kọjá lánàá, mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Dúdú ni báyìí.

Nítorí náà, kí òjò tó padà, kí ọ̀gá yẹn wá sí Ìgbẹmọ. Kó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí àwọn obìnrin mẹ́fà yẹn jókòó síbẹ̀, kó sì dárúkọ èèyàn ńlá tó ń dúró dè. Kó mú kọ́kọ́rọ́ náà dání.