Iyẹ̀pẹ̀ Tí Mo Dì Sínú Gèlè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí o!

Ọmọ Jóga ni bàbá mi. Ará Ìpóbẹ̀ ni màmá mi, lódìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Ìlaró ni mo ti ń ránṣọ. Káàdì orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú báàgì mi, kò sí ayédèrú níbẹ̀. Ẹ ó rò pé ọlá ni, àbí? Ẹ dúró ná.

Nígbà tí bàbá mi kú, àìsàn ti dá màmá mi dùbúlẹ̀, kò lè wá. Ó bẹ̀ mí lórí fóònù pé kí n bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan wá láti ojú oórì, kí òun lè fọwọ́ kan ilẹ̀ tó bo ọkọ òun. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ nìyẹn.

Èmi ni àkọ́bí. Nílé wa, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ti bu ú sọ́wọ́, ni àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, bá ní kí n sún sẹ́yìn.

"Ìwọ ọmọ Kùtọnu yìí, jẹ́ kí àwọn onílé ṣe tiwọn ná!"

Kùtọnu ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin tí wọ́n bí sí Jóga ni wọ́n pè síwájú. Kò sẹ́ni tó gbèjà mi. Àwọn tí aṣọ tí mo rán wà lọ́rùn wọn gan-an ń wo ilẹ̀! Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dì í sínú gèlè, mo gun ọ̀kadà, ó di bọ́dà.

Àṣìṣe mi nìyí o. Orí ọ̀kadà ni ẹkún ti wá dé, mi ò ríran dáadáa mọ́, ni mo bá fa káàdì Nàìjíríà yọ fún ọ̀gá oníyunifọ́ọ̀mù kan lápá ti Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí mo rántí, mo tún mú èkejì jáde. Ha! Ó fi Faransé bi mí pé ta gan-an ni mí, pé ọ̀kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Ó tú báàgì, ó kan gèlè. Mo ní iyẹ̀pẹ̀ oórì bàbá mi ni. Ó fò sẹ́yìn! Ó ní òògùn ni, kí n dà á nù tàbí kí n padà síbi tí mo ti wá.

Padà síbo? Ṣé ibi tí wọ́n ti ní kí n sún sẹ́yìn? Mo dà á nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé màmá mi, mo dúró síta. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ nídìí ògiri, mo bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, mo dì í sínú gèlè kan náà.

Màmá mi gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó ní, "Ilẹ̀ Jóga nìyí. Mo mọ̀ ọ́n." Ó wá ń sọ fún ọkọ ẹ̀ pé ó dàárọ̀, ó dìgbóṣe. Abẹ́ ìrọ̀rí ló fi iyẹ̀pẹ̀ yẹn sí títí òun náà fi lọ.

Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ àwa oníkáàdì méjì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé tí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n ń tì sẹ́yìn nídìí sàréè bàbá ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀!

Ta ló ti rí irú èyí rí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mà á kà á. Ẹ sì dá mi lóhùn: ṣé mo ṣẹ màmá mi?