Nọ́ọ̀tì Ẹ́ńjìnnì Mi Tó Sùn Nínú Fírísà ní Austell

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Èmi gan-an, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ibà ló ń ṣe é. Àmọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá sọ ọ́: nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi, mẹ́rìndínlógún géérégé, lo ọjọ́ méjì nínú fírísà onífírísà ní Austell, ìlú kékeré lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n bù wọ́n sórí ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ eré ni, pupa, oníjókòó méjì, ó sì rẹlẹ̀ débi pé tí mo bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà, táyà ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Bàbá arúgbó kan tí eékún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè wọlé sínú rẹ̀ mọ́ ló tà á fún mi. Nígbà tó ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ tí kò dá a lójú. Nígbà tí ara ọkọ̀ náà bá yá, tí mo ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí òórùn igi páìnì gba gbogbo ọ̀nà kan, mo máa ń gbàgbé pé mo ti ń fi awò kàwé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara rẹ̀ kì í sábà yá. Lọ́dún yìí, òkè ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọ́ìlì á sun jáde lábẹ́ ìdérí, á kán sórí irin gbígbóná, èéfín á gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde, gbogbo subdivision wa ní Redan, àdúgbò tí a ń gbé lápá kejì Atlanta, á sì rò pé mo ń yan ẹja. Mo gbé e wọ gáréèjì. Kò jáde mọ́.

Ìyàwó mi kò bá ọkọ̀ náà ṣọ̀tá. Ọ̀rọ̀ gáréèjì ló ń dùn ún. Ọkọ̀ tirẹ̀, èyí tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, tó ń gbé oúnjẹ wálé, tó gbé àwọn ìbejì wa lọ sí yunifásítì, ìta ló ń sùn. Tó bá ti di ìgbà tí igi páìnì ń gbọn ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀, ẹ ó rò pé ẹnì kan da gààrí olépo lé e lórí ni. Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, tó wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn.

"Dádì Ìbejì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan níwájú Mọ́mì. Ṣé ọkọ̀ yẹn ṣì máa rìn?"

"Á rìn."

"Nígbà wo?"

Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ. "Kó tó di Sunday tó ń bọ̀, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde kúrò nínú gáréèjì."

"Tí kò bá jáde ńkọ́?"

"Kí o pe bàbá tó ń kó àlòkù irin. Kó wá wọ́ ọ lọ lọ́jọ́ Monday."

Mọ́mì gbé ife omi wọn kalẹ̀. "Mo gbọ́ o," wọ́n ní. "Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ní àna mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àdéhùn tí èèyàn bá ìyàwó rẹ̀ ṣe ní yàrá, ó lè fi ẹ̀bẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó lè fi àpò ṣokoléètì yẹ̀ ẹ́. Èyí tí ìyá ìyàwó bá fi etí méjèèjì gbọ́, kò sí kọ́ọ̀tù tó lè dà á nù.

Ẹ̀rù kò bà mí lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ mi ní ọsibítù ni kí n máa tọ́jú àwọn tí èémí wọn kò já gaara, ó sì pẹ́ tí mo ti ń tan ara mi pé ẹni tó bá mọ ẹ̀dọ̀fóró ti mọ ẹ́ńjìnnì ní ìdajì. Òun náà ń mí sínú, ó ń mí síta, ó ń húkọ́. Lọ́jọ́ Tuesday tí n kò ní shift, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú ìdérí ẹ́ńjìnnì, tí nọ́ọ̀tì onírin gígùn mẹ́rìndínlógún dè mọ́lẹ̀. Rọ́bà tó yẹ kó dí ọ́ìlì mọ́nú ti gbẹ bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn sítóòfù. Mo béèrè fún òmíràn, wọ́n ní ó máa dé lọ́jọ́ Friday. Mo fi àkísà di àwọn nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún náà kí wọ́n má bàa fọ́n ká, mo kó wọn sínú ike áísìkiriìmù funfun kan, mo dé e, mo gbé e sórí fírísà ńlá tó wà nínú gáréèjì.

Ẹ̀yin náà ti rí àṣìṣe mi. Nínú ilé Yorùbá wo ni wọ́n ti ń gbé ike áísìkiriìmù kalẹ̀, tí ẹnikẹ́ni á rò pé nǹkan mìíràn ju ọbẹ̀ lọ ló wà nínú rẹ̀? Àwọn ìbejì mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láti kékeré: wọ́n á ṣí ike pẹ̀lú síbí lọ́wọ́, wọ́n á bá ẹ̀fọ́ rírò pàdé. Èmi tí mo fi èyí pa wọ́n lẹ́rìn-ín fún ọdún méjìdínlógún ni mo wá gbé irin sínú irú ike bẹ́ẹ̀, tí mo sì bá tèmi lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Friday, rọ́bà dé. Mo fọ ọwọ́ bíi dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, mo nawọ́ sórí fírísà. Kò sí ike.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ bá mi rí ike funfun kan níbí?"

"Èyí tí ẹ gbàgbé síta? Mo ti bá yín gbé e sínú fírísà láàárọ̀ àná. Kí ẹran má bàa bàjẹ́."

Mo ṣí fírísà. Ike mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn funfun, yìnyín ti bo gbogbo wọn. Mo ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan: ọbẹ̀, ọbẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ọbẹ̀. Mọ́mì dúró lẹ́yìn mi.

"Irú ẹran wo lẹ ń wá ná?"

"Kì í ṣe ẹran mà. Nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ni."

Wọ́n súnmọ́ mi. "Èyí tó wúwo yẹn?"

"Òun náà mà."

"Háà. Mo ti kó o fún Aunty Austell nígbà tí wọ́n wá kí mi ní ọ̀sán àná. Ike mẹ́ta ni mo dì fún wọn. Mo ní èyí tó wúwo yẹn, ẹsẹ̀ màlúù ni."

Ìyàwó mi, tó ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà ìdáná, jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò lè dìde. Ó kàn ń tọ́ka sí mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mọ́mì béèrè bóyá wọn kì í ta òmíràn. Wọ́n ń tà á, àmọ́ ọkọ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kò ní nǹkan lórí àtẹ. Ṣọ́ọ̀bù tí mo pè ní ó di ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kan péré ló kù fún mi.

Aunty Austell, ọmọ ìjọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, fóònù rẹ̀ kò sì dáhùn àfi ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Saturday.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú oúnjẹ ìjẹta o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni. Uncle yín ti gbé ẹsẹ̀ màlúù yẹn síta kó yọ́. Wọ́n ń se ìrẹsì lọ́wọ́."

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́."

"Kí ló dé? Ṣé ó ti kan ni?"

"Ẹ má ṣáà jẹ ẹ́ mà. Mo ń bọ̀."

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìyàwó mi. Mọ́mì ní kí n jókòó ná. Wọ́n ti wà ní ìdáná láti ìdájí, ìkòkò ẹsẹ̀ màlúù wà lórí iná, ẹsẹ̀ màlúù tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Mọ́mì, aago ń lọ."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ ó lọ gba ohun tí mo fi tọrẹ padà, ẹ ó wá na ọwọ́ òfo sí wọn? Ṣé kí wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyá ìyàwó yín ń fúnni ní nǹkan pẹ̀lú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀?"

Mo jókòó. Ẹran náà kò mọ̀ pé mo ń kánjú. Ìgbà tí ó rọ̀, tí wọ́n bù ú sínú ike áísìkiriìmù mìíràn, tí wọ́n sì wọ aṣọ tó yẹ ìbẹ̀wò, ó ti kọjá aago mọ́kànlá. A gba ọ̀nà márosẹ̀ I-20, a la àárín Atlanta kọjá, Mọ́mì gbé ike gbígbóná náà sórí itan bí ọmọ tuntun. Ó ku díẹ̀ ká dé, igi ìdènà ojú irin wálẹ̀ níwájú wa. Ọkọ̀ ojú irin kan ń kó kọntéénà kọjá, ó sì ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nítorí ìlọ́ra. Lẹ́yìn náà ni ó dúró pátápátá.

"Ṣé èyí ní òpin?" Mọ́mì béèrè.

"Ó ní mà."

Nígbà tó tún ń rìn, wọ́n ka kọntéénà dé ọgọ́rin, wọ́n sùn.

Uncle Austell, ọkọ Aunty, ló ṣílẹ̀kùn fún wa, fọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ wọlé. Mi ò fẹ́ ṣàìmoore, àmọ́ ẹran yín le. Mo kọ́kọ́ rò pé mọ́ínmọ́ín ni, torí aṣọ tí ẹ fi wé e. Mo wá fi fọ́ọ̀kì gún un. Ẹ wo fọ́ọ̀kì."

Ó ti tẹ̀ lóòótọ́. Lórí tábìlì, àwọn nọ́ọ̀tì mi jókòó nínú àwo, omi yìnyín ń ṣàn lára wọn, àwo ìrẹsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Mo sọ fún wọn pé ó lè jẹ́ ìdánwò ìgbàgbọ́," Aunty ní, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́.

Mọ́mì gbé ike tiwọn kalẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú. Ọwọ́ ló yá ju ojú. Ojúlówó rèé."

Uncle na ọwọ́ gbà á, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣí i."

Aago mẹ́ta kọjá kí a tó délé. Mọ́mì ní ọrùn àwọn ni ẹ̀ṣẹ̀ yìí wà, wọ́n gbé àpótí wá sínú gáréèjì, wọ́n fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ àwọn nọ́ọ̀tì náà, wọ́n nù wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sórí tíréè. Èmi fi rọ́bà tuntun sí àyè rẹ̀, mo gbé ìdérí lé e, mo na ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń kó nọ́ọ̀tì lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìkejì, wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ihò wo lẹ fẹ́ fi eléyìí sí?"

"Èyí tó bá ṣáà ti ṣófo mà. Ìkan náà ni gbogbo wọn."

"Wọn kì í ṣe ìkan náà. Mẹ́rìnlá dọ́gba. Méjì gùn jù wọ́n lọ, bí ìdajì èékánná."

Ogójì ọdún ni obìnrin yìí fi ránṣọ. Wọ́n lè wò yín láti òdìkejì títì, kí wọ́n sọ fún yín pé apá ọ̀tún yín kúrú ju ti òsì lọ. Mo kó wọn jọ, mo wọ̀n wọ́n, òótọ́ ni. Ibi tí àwọn gígùn méjì ti wá ni igun iwájú, níbi tí irin ti nípọn. Èyí tí wọn kò jọ̀wọ́ yẹn, gígùn ni, ihò kúkúrú ni mo sì ti ń gbé e lọ. Bí mo bá fi sípánà dè é wọlé, á gún ìdí ihò, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn á sán, ọ̀rọ̀ á sì parí, bàbá àlòkù á wá gbé òkú.

Mo sọ sípánà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì fún Mọ́mì.

"Ẹ dìde," wọ́n ní. "Ọ́ìlì wà nílẹ̀ yẹn."

Mo de gbogbo rẹ̀ tán, díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Mo da ọ́ìlì tuntun sí i. Ìyàwó mi ti jáde wá nígbà yẹn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kápá mọ́yà. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà húkọ́, ó dákẹ́. Mo tún un yí. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó sì dún, ìró tó jinlẹ̀, tó yọ̀, tí gbogbo irinṣẹ́ tó wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí etí ìdérí yíká. Ó gbẹ táútáú. Ìyàwó mi kò pàtẹ́wọ́. Ó kàn tẹ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn gáréèjì, ilẹ̀kùn gòkè, oòrùn wọlé.

Mo yí subdivision náà ká nígbà mẹ́rin. Mo juwọ́ sí ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí mi ò mọ̀. Ẹnì kan tó ń gé koríko pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kó lè gbọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kó dun àwọn elégàn: mo ti gbọ́ orin akọrin ọgọ́rùn-ún rí, èyí dùn ju wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí pẹ́. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti lọ kí ọkọ̀ mi kí n tó múra ṣọ́ọ̀ṣì. Gáréèjì ṣófo. Páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan lórí rẹ̀. Fóònù mi dún, Mọ́mì ni, mo sì ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn ohùn wọn, ó já gaara.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú oorun."

"Mọ́mì, ta ló ń wà á?"

"Ọmọ mi ni. Ta ni ẹ rò pé ó ń wa pikọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ lọ sóko nígbà tó wà lọ́mọge?"

Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo fi fẹ́ ẹ, ó ń gbọ́ mi bí mo ṣe ń ṣàlàyé gíá fún un, ó sì ń mi orí.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. "Dádì Ìbejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Mi ò pe bàbá àlòkù mọ́."

"Ẹ dákun," Mọ́mì ní, "ẹ bá mi mú báágì mi bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bíbélì mi wà nínú rẹ̀. Kò sí àyè fún un nínú ọkọ̀ yìí."

Mo lọ mú báágì náà, mo gbé e sí ìjókòó iwájú ọkọ̀ ìyàwó mi, mo sì de bẹ́líìtì fún un.