Imú Hùmúàní

Ní ìlà àwọn onípákó lẹ́yìn Ọ̀fà Garage, àpótí kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣèèṣì jókòó lé. Igi osùn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìjókòó ti mú ojú rẹ̀ dán. Hùmúàní ló ń jókòó síbẹ̀.

Àṣà ìlà yìí ni pé pákó kì í lọ sábẹ́ ayùn láìlórúkọ. Bí ayùn bá ti kàn án, kò ṣeé dá padà mọ́ fún ẹni tó kó o wá. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá ń jiyàn, tí ọ̀kan ní apá ni, tí èkejì ní ìrókò ni, wọ́n á gbé pákó náà wá síwájú àpótí. Ẹni tó wà lórí àpótí á sọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Ayùn lè bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 1979 ni Hùmúàní ti wà níbẹ̀, imú rẹ̀ ló sì gbé e débẹ̀. Á tu itọ́ díẹ̀ sí àtàǹpàkò, á fi pa etí pákó, á fà á símú lẹ́ẹ̀kan péré. "Ọ̀gànwó." Tàbí kó ní, "Arère ni. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi, mi ò tíì jẹun." Nítorí arère, bó bá ti tutù, òórùn rẹ̀ ò ṣeé jẹun sí.

Pàkátà, ní Ìlọrin níbí, ni wọ́n bí i sí. Baba rẹ̀ ń gbẹ́ wàláà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-kéwú àdúgbò ló jẹ́ pé orí pákó tí baba náà fá ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ álífù. Wàláà ò gbọdọ̀ wúwo, ọmọdé ló ń gbé e. Kò gbọdọ̀ lọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ tàdáwà tí wọ́n fi kọ̀wé kúrò lójú rẹ̀. Igi ọ̀mọ̀ ló dára jù fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ bá mọ lórí arère, baba á fi arère ṣe é fún un, á sì kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà bákan náà. Hùmúàní kékeré á jókòó sáàárín èérún pákó, á máa bù wọ́n símú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe mọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe mọ orúkọ igi.

Nígbà tó máa lọ́kọ, awakọ̀ pákó ló fẹ́. Abdulkadir. Oǹdó sí Ìlọrin, Ìlọrin sí Oǹdó. Ọkùnrin náà máa ń sọ pé òun ò tíì mọ̀ títí dòní bóyá òun ni Hùmúàní fẹ́ àbí ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ òun.

Ọyẹ́ ọdún 1992 ni ọ̀fìnkìn mú un. Ọ̀fìnkìn lásán. Ó lo àgbo, ó lo róòbù, ó fi aṣọ borí lórí omi gbígbóná. Ọ̀fìnkìn lọ. Òórùn ò padà wá. Ata tó ń dín lórí iná, kò gbóòórùn rẹ̀. Kẹrosíìnì, kò gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà títí ẹ̀wà fi di èédú. Rasheedah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló sáré wọlé láti ìta, tó ń bi í bóyá kò gbóòórùn ni. Ó ní òun ń ronú.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìlà bá gbọ́, àpótí ti lọ nìyẹn. Táòfíkì, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ la pákó fún gbogbo wọn, ti ń wo àpótí náà tipẹ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n o. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó. Láàárọ̀, kí Hùmúàní tó dé, á rọra kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń fi ojú wọn ìdí ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Hùmúàní bẹ̀rẹ̀ sí í fọgbọ́n ṣe é. Ó ń gbé pákó sókè láti mọ bó ṣe wúwo tó. Ó ń fi èékánná ha á. Ó ń bi ọkọ rẹ̀, bí ẹni tí kò bìkítà, kí ló kó wá lónìí. Itọ́ kò yẹ̀, àtàǹpàkò kò yẹ̀, ó ṣì ń fà á símú níwájú gbogbo ayé. Ẹ̀tàn gbáà.

Inú ẹ̀tàn yìí ni Oyèkúnlé wá bá a. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ igi ní ilé-ìwé girama kan, Tanke ló sì ń gbé. Lẹ́yìn iléèwé, gìtá ló ń tún ṣe, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti fún ìjọ. Ó ti tún gìtá ẹlòmíì ṣe títí. Ó wá fẹ́ ṣe ọ̀kan fúnra rẹ̀, láti ìdí dé orí, kó sì jẹ́ igi ilẹ̀ yìí nìkan ni yóò wà lára rẹ̀. Ó ti rí osùn tó máa fi ṣe ẹ̀yìn. Ọ̀gànwó ló ń wá, fún ọrùn.

Hùmúàní fa pákó pupa kan yọ, ó fi imú sí i, ó ní ọ̀gànwó ni.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Oyèkúnlé padà dé. Ó wé ọrùn gìtá náà sínú ìwé ìròyìn bí ẹni tó gbé aláìsàn wá. Ó ti lọ́ kí rándà tó kàn án. Ó fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ níwájú Hùmúàní, pupa náà sì ṣí kúrò bí àwọ̀ èso. Lábẹ́ rẹ̀, afárá funfun báláú. Ẹnìkan lọ́nà Oǹdó ti fi omi osùn kùn ún kó tó tà á fún Abdulkadir. Ẹni tó bá gbóòórùn ì bá ti mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀yin Ìyá," Oyèkúnlé ní, "ó jọ pé pákó yìí ò fẹ́ràn mi."

Hùmúàní wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ̀rọ Táòfíkì ń pariwo lókèèrè. Ó fà á lọ sẹ́yìn òkìtì pákó, ó sì sọ ohun tí kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó retí pé ọkùnrin náà á bínú. Ẹ̀rín ló pa á. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ra pákó lọ́wọ́ wọn, òun náà máa ń fa pákó símú nílé láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí òun gbọ́ nǹkan kan.

Báwo ló ṣe wá ń mọ igi lọ́jọ́ tí kò bá gbára lé imú ẹlòmíì? Oyèkúnlé mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó fi ìka méjì mú un níbi tí kò jìnnà sí orí rẹ̀, ó jẹ́ kó rọ̀ dòdò, ó gbé e súnmọ́ etí, ó fi oríkèé ìka kàn án.

"Tíṣà, ṣé ò ń béèrè bóyá ẹnìkan wà nílé ni?"

"Wọ́n wà nílé, mà. Ẹ gbọ́ ohùn wọn."

Ó gbọ́ ọ. Arère ní "pọ̀", ó sì panu dé. Ọ̀mọ̀ dáhùn, ó sì ń dáhùn lọ, bí ẹni tí wọ́n béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ọmọ. Ọ̀gànwó ní ohùn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Láti ọjọ́ náà, bí Oyèkúnlé bá ti kúrò níléèwé, á yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Hùmúàní á kẹ̀yìn sí i, á máa dárúkọ, Oyèkúnlé á máa kan pákó. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń gba méjì nínú márùn-ún. Nígbà tó yá, mẹ́rin. Nílé, kò sí ohun tí kò kàn. Ìdérí ìkòkò. Ọmọ odó. Férémù wíńdò. Abdulkadir á ké láti inú yàrá pé kí àlejò máa wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, kò dáhùn mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, àlejò gidi dé, wọ́n kanlẹ̀kùn títí, wọ́n padà sílé.

Ayọ̀ ni. Ọdún mẹ́tàlá lórí àpótí, kò tíì rí nǹkan tuntun kọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ọrùn gìtá tó bàjẹ́ yẹn ń dùn ún. Ó ti wá ọ̀gànwó gidi dípò rẹ̀, kò sì tó lójú rẹ̀. Ojú gìtá ló kù, ibẹ̀ sì ni Oyèkúnlé ní ohùn wà. Ó ń fẹ́ pákó tó fúyẹ́, tó ti gbẹ dénú, tí wọ́n máa là sí méjì tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìlà ara ọ̀kan kọjú sí ti èkejì. Hùmúàní rántí èyí tó wà lórí àjà ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Pàkátà.

Baba rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Ó kọ àmì rẹ̀ sí i lójú, ìlà mẹ́ta tó fi ọ̀bẹ fà. Kò gbẹ́ ẹ kó tó kú. Ó kù díẹ̀ kó pé ogójì ọdún tí pákó náà ti wà lókè. Alfa Màmúdù, ẹ̀gbọ́n Hùmúàní, tó ń kọ́ni ní kéwú nínú agboolé náà, ló bá a gbé e sọ̀kalẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Hùmúàní bi í bóyá ó burú láti fi pákó wàláà ṣe gìtá. Alfa yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní wọn ò tíì kọ nǹkan sí i. Pákó tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, pákó ni. Àmọ́ irú igi tó jẹ́, òun ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e dé ìlà. Táòfíkì gbé e wò, ó fà á símú. Ó fá etí rẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ èéfín kan náà ló wà níbẹ̀. Ó ní arère ni, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé bàbá Hùmúàní lo arère ju ẹnikẹ́ni lọ ní Ìlọrin. Oyèkúnlé ò lẹ́nu níbẹ̀. Kì í ṣe ará ìlà. Bó bá jẹ́ arère, "pọ̀" ni gìtá náà á máa sọ títí ayé, wọ́n á ti ba pákó bàbá ẹni jẹ́ lásán, àpótí á sì bá a lọ.

"Ìyá Rasheedah, ẹ jókòó," Táòfíkì ní. "Ẹ fi imú sí i."

Hùmúàní jókòó. Iṣẹ́ dúró ní ìlà. Ó gbé àtàǹpàkò dé ẹnu, itọ́ ti wà níbẹ̀. Ó dúró. Ó fi ìka náà nu ara ìró rẹ̀.

Ó ní kí Táòfíkì pa ẹ̀rọ. Ó fi ìka méjì mú pákó náà, ó gbé e sétí, ó kàn án. Ó sún ìka díẹ̀. Ó tún kàn án. Pákó náà dáhùn, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́.

"Ọ̀mọ̀ ni."

"Imú ńkọ́?"

"Imú ń sinmi."

"Bó bá wá jẹ́ arère?"

"Kí o jókòó síbí." Ó gbá àpótí. "Kí n sì máa bá ọ kó lẹ́búlẹ́bú pákó."

Wọn ò lo ẹ̀rọ. Eyín rẹ̀ nípọn jù, ìdajì pákó náà ló máa jẹ. Ayùn ọwọ́ ni, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà yí etí pákó ká, wọ́n fi àbẹ́là pa ojú ayùn kó lè máa yọ̀. Táòfíkì di orí kan mú, Oyèkúnlé di èkejì. Fífà, kì í ṣe títì. Táòfíkì fẹ́ kó jẹ́ arère, gbogbo ìlà ló mọ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ayùn yà kúrò lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ niṣẹ́.

Ayùn ti dé àárín nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà. Wọ́n fi í sílẹ̀ sínú igi, wọ́n lọ kírun. Hùmúàní kírun tirẹ̀ pẹ̀lú ayùn lọ́kàn, ó sì tọrọ àforíjì lórí ìyẹn náà.

Ó kù ìka mẹ́ta. Ó kù ìka kan. Pákó náà là.

Oyèkúnlé ṣí i bí ẹni ń ṣí ìwé. Kò funfun. Àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ lọ sí àárín, ìlà rẹ̀ tààrà láti òkè délẹ̀, apá ọ̀tún ń wo apá òsì. Ọ̀mọ̀.

Táòfíkì bu lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi imú sí i, ó sì nà án sí Hùmúàní. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rùn."

Hùmúàní fà á símú. Òfo. Ó lè mi orí. Ó ti borí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Táòfíkì, láti ìgbà ọyẹ́ ni mi ò ti gbóòórùn ohunkóhun."

Táòfíkì ń fi ìka ka oṣù. "Arère tí ẹ ní kí n gbé kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, tí ẹ ní ẹ ò tíì jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun lóòótọ́."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti òpin ìlà, ó sì gbá gbogbo wọn lọ. Abdulkadir, tó jókòó sẹ́nu ọkọ̀ rẹ̀, rín títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Àṣírí ilẹ̀kùn tó ń kàn láìsí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sí i lójú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Hùmúàní dìde kúrò lórí àpótí. Ó ní kí ẹni tó ní imú wá jókòó.

Táòfíkì wo àpótí náà. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Ó ṣí fìlà, ó fi gbọn eruku orí àpótí dànù, ó sì sún un padà sẹ́yìn Hùmúàní.

"Èmi ní imú," ó ní, "mo sì pè é ní arère. Ẹ jókòó, mà."

Lẹ́yìn oṣù méjì, Oyèkúnlé gbé gìtá náà wá. Kò fi ọ̀dà kun inú rẹ̀. Bí èèyàn bá yọjú wo ihò, ìlà mẹ́ta bàbá Hùmúàní wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì afárá, ó ta á. Hùmúàní gbé etí lé ẹ̀yìn gìtá, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: osùn, ọ̀gànwó, ọ̀mọ̀. Ó tún pè wọ́n.

Táòfíkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti imú bọ ihò gìtá tó ń dún lọ́wọ́.

"Kí ló ń rùn?" Hùmúàní bi í.

"Èéfín." Ó tún fà á símú. "Èéfín, àti... irú. Irú wà níbẹ̀, mà."

"Ìyá mi nìyẹn," Hùmúàní ní, ó sì ní kí Tíṣà má dáwọ́ dúró.