Oúnjẹ Tí Ẹ̀gbọ́n Alásè Kọ̀

Gbogbo ènìyàn àdúgbò wa ló ti jẹ oúnjẹ Alásè, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó ń wù ú kó bá òun jẹ ẹ́. Èmi ni mo máa ń fọ àwo níbi tó ti ń sè é, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi jiyàn. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo la ní. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, àwọn olùjọsìn ló ni ín. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn olóṣèlú á ti gbé àwòrán tiwọn kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá ń ṣe ìyàwó tàbí tó ń sin òkú á háyà á láàárín ọ̀sẹ̀. Ilé ìdáná kan náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Alásè kan náà ló sì wà nínú rẹ̀.

Mo ti rí i níbẹ̀ pé àwọn olóṣèlú máa ń pín oúnjẹ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí àtẹ́wọ́ dún dáadáa. Àwọn olùjọsìn ní tiwọn á gbàdúrà tán kí wọ́n tó pín in, torí tí wọ́n bá kọ́kọ́ bọ́ àwọn kan, àwọn yẹn á rántí lójijì pé àwọn sá aṣọ síta. Níbi ìsìnkú, mo ti rí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọn ò kí ara wọn nídìí pósí, tó jẹ́ pé ìdí ìrẹsì ni wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀: "Jọ̀ọ́, bá mi mú iyọ̀ yẹn." Alásè ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó ń yọjú sílé ìdáná kó bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti jẹun.

Opó ni. Kò bímọ. Nínú gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kù láyé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, obìnrin gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ. Etí títì ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Nígbà tí Alága ìjọba ìbílẹ̀ ń wá ìbò, Alásè ló sè fún gbogbo ìpàdé rẹ̀. Alága wọlé. Kò pẹ́ tó dé orí àga tó fi ní kí wọ́n wó gbogbo ìsọ̀ etí títì, katakata sì gun orí máṣíìnì aránṣọ kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Alásè gbé ọbẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ ní ká jókòó.

"Oúnjẹ rẹ ni wọ́n jẹ yó kí wọ́n tó wá wó ìsọ̀ mi," ló wí. "Gbé e padà. N ò ní fẹnu kan oúnjẹ rẹ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ní kí n wá sè, mo sè. Ṣé èmi ni mo wa katakata ni?"

"O bọ́ ẹni tó wà á."

Inú bí mi gidi gan-an. Ó wà lẹ́nu mi láti bi í pé ta ló rán aṣọ tí Alága wọ̀ lọ búra. Alásè tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo panu mọ́. A gbé ọbẹ̀ wa, a bọ́ sójú ọ̀nà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Alásè á bọ́ gbogbo ayé tán, á wá lọ sílé lọ bá yàrá òfìfo. Nígbà míì tá a bá rí Ẹ̀gbọ́n lókèèrè, tí aṣọ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀, Alásè á ní, "Ṣé o rí ọrùn rẹ̀? Kì í jẹun. Mo mọ̀ ọ́n, kì í dáná tó bá dá wà."

Ẹ̀gbọ́n ti wá di ara àwọn olùjọsìn. Àwọn yẹn máa ń jẹun pọ̀ tí ààwẹ̀ wọn bá parí. Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń gbé ìkòkò tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó di ìdíje: ẹni tó gbé ẹran wá ń fojú tín-ín-rín wo ẹni tó gbé ẹ̀wà wá. Ó sú olórí wọn. Ó ní ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo ìjọ á máa jẹ, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó sè é, kí wọ́n má baà máa yin ènìyàn dípò Ọlọ́run. Ó ní ká ta aṣọ bo fèrèsé tá à ń gbà gbé àwo jáde. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ Alásè níṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi á wà níbẹ̀," Alásè wí fún mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Á jẹ ẹ́."

Ohun kan ló kù. Ìyá wọn ló kọ́ wọn láti da àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná, kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí etí rẹ̀ á fi dúdú, kí wọ́n tó da ohunkóhun lé e. Òórùn yẹn, láti ẹnu ọ̀nà ni Ẹ̀gbọ́n á ti dá a mọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ yẹn, inú omi ni Alásè ti bọ àlùbọ́sà ọbẹ̀ ìrẹsì náà. Mo tọ́ ọ wò.

"Alásè, kí lo sè yìí? Ṣé omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ ni?"

"Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà ti jẹ ẹ́."

Àdúrà parí, àwo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. A ń yọjú létí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó lóun nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bu síbí kan, ó bu òmíràn. Alásè di ọwọ́ mi mú tòun ti ọṣẹ tó wà lára rẹ̀.

Àfi bá a ṣe rí i tó dìde, tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tòun ti àwo gba abẹ́ aṣọ wọlé.

"Ẹ bá mi fi díẹ̀ sí i, màmá. Ẹ má bínú sí mi o, oúnjẹ yín ò burú. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà yẹn jóná díẹ̀. Àbúrò mi kan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Oúnjẹ rẹ̀ ń wù mí í jẹ."

Alásè ò lè dáhùn, torí ohùn rẹ̀ á tú àṣírí rẹ̀. Ó bu oúnjẹ sí i, ó tì í jáde. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe padà sáyè rẹ̀ báyìí, Alásè sáré gbé páànù ka iná, ó fa àlùbọ́sà yọ.

"Má ṣe é," mo wí. "Jẹ́ kó jẹun rẹ̀ tán."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tó sọ ni? Ó ti dárí jì mí, òun gan-an ni kò tíì mọ̀."

Òróró gbóná, àlùbọ́sà wọ inú rẹ̀, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo lọ yọjú. Òórùn náà ti dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ó gbórí sókè, ó di ojú, mo sì rò pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo àwo iwájú rẹ̀, ó wo aṣọ tá a ta, ó rọra gbé síbí kalẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí bi í pé ṣé kò sí. Ó ní òun ti yó. Ó mú báàgì rẹ̀.

Alásè ò mọ̀. Ó fi ìgúnpá ti aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé páànù jáde sójú gbogbo wọn, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Àga ti ṣófo.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Gbogbo ènìyàn yíjú, olórí ìjọ fajú ro. Kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ tí Alásè fi dúró bẹ́ẹ̀ kó tó jókòó sórí àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde níbẹ̀. Ó da àlùbọ́sà lé ìrẹsì tó ṣẹ́ kù, ó mú síbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Inú àwo kan náà ni ìyá wọn ti ń bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì ní kékeré.

Gbọ̀ngàn ti ń tú nígbà tí mo wá kó àwo. Ó ti jẹ ìdajì gééré, ó sì ti èyí tó dúdú jù nínú àlùbọ́sà náà sí apá kejì. Mo na ọwọ́ sí i, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Má tíì kó o," ló wí. "Kò tíì jẹ tirẹ̀ tán."

Mo fi àwo náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo lọ fọ ìyókù.