Òwú Lára Apá Mi

Kò sẹ́ni tó mọ àmì àìsàn tó mi ní kíláàsì wa ní Ṣakí, mo sì ń fi í yangàn. A ń kọ́ṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kò tíì pẹ́ tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Bí Sísítà tó ń kọ́ wa bá ti bi wá pé àìsàn wo ló ń mú kéèyàn húkọ́ títí, kó máa làágùn lóru, kó sì máa rù, ọwọ́ tèmi ló máa kọ́kọ́ nà sókè: ikọ́ ife. Bó bá bi wá ní sòbìà, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ta ni sòbìà ò tíì ṣe rí ní Òkè-Ògùn?

Ọjọ́ tí a dé orí ẹ̀tẹ̀ ni ẹnu mi wọhò. Sísítà kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù: ibì kan lára tó ṣá, tí kì í yún, tí kì í mọ ìfọwọ́kàn. Mo ní irú rẹ̀ kan lókè ìgúnpá òsì. Ìyá mi ti rí i, ó ní làpálàpá ni. Ṣùgbọ́n làpálàpá a máa yún, èyí ò yún mi rí. Òun náà ló sì rán bùbá alápá gígùn fún mi, tó ní n ò gbọdọ̀ ká a sókè títí ìgbéyàwó mi yóò fi kọjá. Àwọn àna mi ní Ìsẹ́yìn ṣì ń ṣe ìwádìí, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ bi aládùúgbò ni pé ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nílé yẹn.

Sísítà ní òun máa dán an wò lára wa kí ìdánwò tó dé. Èèyàn á dijú, wọn á máa fi òwú kàn án lára, á máa dáhùn nígbà tó bá mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kàn mí, Sísítà ní kí n ká apá aṣọ mi sókè. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo ká a. Mo ti ń ṣọ́ bó ṣe ń ṣe é fún àwọn tó ṣáájú: á kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, á sinmi díẹ̀, á tún kàn wọ́n. Mo dijú, mo ń kà á nínú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. Mo sinmi díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Sísítà rọra sọ ọ́ sí mi létí.

"Mi ò tíì fi òwú kàn ọ́."

Mo lajú. Òwú wà lórí tábìlì. Àtàǹpàkò rẹ̀ lásán ló wà lórí àmì náà, mi ò sì mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀.

Oògùn wò mí sàn nígbẹ̀yìn. Àwọn ará Ìsẹ́yìn kò padà wá.