Ìwé Onídùúró Hanifah

Ẹ má bá mi pe Hanifah Gbàdàmọ́sí ní ọ̀daràn o! Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni ní Ìjagun, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, olóríkunkun ọ̀rẹ́ mi.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, tó fi ṣí ìkànnì ìtàkùrọ̀sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwa ará Ìjẹ̀bú. Irú ìkànnì yìí kò ní ọ̀gá kankan lókè òkun. Oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá so wọ́n pọ̀, ohun tí a bá sọ níbí á sì dé Kánádà. Àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni Hanifah. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé láìmú onídùúró wá, bíi ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Orúkọ rẹ, fóònù rẹ, àdírẹ́sì rẹ, ẹni tó dúró fún ọ, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sínú ìwé ńlá kan. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ṣé owó la fẹ́ wá yá ni?"

Èmi Mọ́ṣádé ni mo fa wàhálà. Tíṣà ni mí ní Ayépé. Mo kọ ọ́ sórí ìkànnì náà, lábẹ́ ìnagijẹ, pé mo da fíìmù àtijọ́ kan kọ fún kíláàsì mi torí kò sẹ́ni tó ń tà á mọ́, ojú ò sì tì mí. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan pè mí lólè, àwọn kan ní mo ṣeun. Kò sí fíìmù kankan lórí kọ̀ǹpútà Hanifah o, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni!

Ni lẹ́tà lọ́yà àwọn tó ni fíìmù náà bá dé láti Èkó. Kí Hanifah pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kó sì fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni wọ́n máa gbé lọ sí kóòtù. Àwọn tó ni irú ìkànnì yìí níbòmíràn lè ní àwọn ò mọ ẹni tó kọ̀wé. Hanifah mọ̀ mí, ó mọ ilé bàbá mi.

Bàbá rẹ̀ ní kó dáná sun ìwé onídùúró náà. Déọlá, lọ́yà àdúgbò wa, figbe ta: "Ẹ ò gbọdọ̀, Bàbá! Lẹ́yìn tí lẹ́tà ti dé? Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn!"

Mo sáré lọ bá Hanifah. "Fún wọn lórúkọ mi, jọ̀ọ́."

"Jókòó, Mọ́ṣádé!" Ó jágbe mọ́ mi. "Adájọ́ nìkan ló lè ní kí n ṣí ìwé yẹn. Tí mo bá fún wọn ní tìrẹ lónìí, ta ló tún máa sọ̀rọ̀ lọ́la?" Ohun tó kọ sí wọn náà nìyẹn, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ méje pé, wọ́n pè é lẹ́jọ́ lóòótọ́, òun nìkan. Inú bí mi débi pé mo sunkún. Ó kọ̀, kò dárúkọ mi, ó dáa. Àmọ́ ta ló ní kí n má dárúkọ ara mi? Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo wọkọ̀ lọ Èkó, mo wọ ọ́fíìsì lọ́yà náà, mo gbé káàdì ìdánimọ̀ mi lé tábìlì rẹ̀.

"Èmi lẹ̀ ń wá. Ẹ yọ orúkọ Hanifah, kí ẹ fi tèmi síbẹ̀."

Lọ́yà náà mú káàdì náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí mò ń ṣe ṣá.

"Tíṣà ni mí," mo ní. "Ẹ fún mi ní bírò, kí n kọ orúkọ mi fún yín, kẹ́ ẹ má baà ṣì í kọ."