Ilé Ni Mo Ní Kó Pè É

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyàwó mi ṣe eré lórí amóhùnmáwòrán láyé rẹ̀. Gbólóhùn kan ló sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ọdún náà kò dá mi lójú mọ́. Ó wà láàárín 1977 sí 1979. Ìpínlẹ̀ wa, tí Adó àti Àkúrẹ́ jọ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní amóhùnmáwòrán tirẹ̀ ni. Kí ó tó dé, eré tí a mọ̀ ní Adó-Èkìtì ni ti àwọn òṣèré tó ń fi ọkọ̀ ẹrù rìn kiri, tí wọ́n á ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú, tí èrò á máa dá wọn lóhùn láti ìjókòó pé, "Má mu ún o, májèlé ni!" Òṣèré míì á gbọ́, á gbé ife náà sílẹ̀, á dá èrò lóhùn, kó tó wá mu ún. Ti amóhùnmáwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. O lè pariwo títí, ẹni inú rẹ̀ á mu májèlé tirẹ̀ tán.

Ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ ìlú wa pé kí a mú eré kan wá. Èmi ni mò ń kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Adarí eré wọn fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà: Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́.

Mo kọ eré nípa àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jà sí ogún títí iná fi jó ogún náà. Ìyàwó mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ni yóò sá jáde, tí yóò ké pé, "Iná ti mú ilé o! Ó ti mú igi àjà, ó ti mú iṣu!"

N kò ro ohun tí mo ń kọ. Ní Ìgèdè tí wọ́n ti bí i, uná ni iná, ulé ni ilé, ugi ni igi, usu sì ni iṣu. Bí mo bá jókòó fún oṣù kan kí n wá ọ̀rọ̀ tí yóò tú àṣírí ọmọ Èkìtì, n kò lè rí èyí tó dára ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn lọ.

A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nílé ìdáná, níbi tó ti ń bẹ iṣu.

"Ilé," ni mo wí.

"Ulé."

"Í. Ilé."

"Í," ló wí. "Ulé."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò mí. "Tíṣà, nígbà tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín ń jà lánàá, kí lẹ ní kó jáde kúrò nínú rẹ̀? Ṣé ilé ni àbí ulé?"

"Ìjà nìyẹn. Amóhùnmáwòrán nìyí."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n pe méjì ní ilé, kí n pe ọ̀kan ní ulé."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni ilé tó wà níbẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló sì máa gbọ́."

"Ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé Èkìtì ló kún inú rẹ̀?"

Ó tún mú ọ̀bẹ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá mi kò ní mọ̀ mí."

Ìgbà náà ló tó yé mi pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣú láti ọjọ́ pípẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù tó ń rí. Wọ́n ti sọ fún un ní Ìgèdè pé ọmọ rẹ̀ yóò wọ inú amóhùnmáwòrán, ó sì ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ohùn nìkan ló lè fi dá a mọ̀.

"Èmi á sọ fún wọn pé ìwọ ni," ni mo wí.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ló wí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní ilé. Kò ṣì í pè mọ́.

Ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti gba eré náà sílẹ̀, ooru iná tí wọ́n tàn sí wa lórí pọ̀ débi pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ṣe olórí ẹbí nínú eré náà tú bọ́tìnnì agbádá tí kò ní bọ́tìnnì. Ìyàwó mi sá jáde, ó ké igbe rẹ̀. Adarí eré wá bá a lẹ́yìn náà.

"Màdáámù, ṣé ọmọ Ọ̀yọ́ ni yín?"

"Rárá o," ló wí. "Ọkọ mi ló rán mi níṣẹ́."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ra búrẹ́dì fún un lójú ọ̀nà. Ó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa fi eré náà hàn, ìyá rẹ̀ wọkọ̀ wá sí Adó. Ọ̀dọ̀ bàbá onílé wa la ti wò ó, nítorí òun ló ní ẹ̀rọ náà. Wọ́n gbé àga ìyá síwájú pátápátá. Kò kọjú sí àwòrán. Etí ọ̀tún ló kọ sí i. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Iná ọba kò lọ, èyí tó ya gbogbo wa lẹ́nu.

Igbe náà dé. Ìyá kò mira.

"Màmá, òun nìyẹn," ni mo wí.

"Ta ni?"

"Ọmọ yín."

"Ọmọ mi rèé," ló wí, ó na ọwọ́, ó fi kan itan rẹ̀. "Tíṣà, má fi mí ṣeré. Ọmọ Ọ̀yọ́ nìyẹn. Ó mà mọ̀rọ̀ sọ o. Bá mi kí ìyá rẹ̀."

Ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó gbé ẹnu súnmọ́ etí ìyá rẹ̀, ó sì ké e bí ì bá ṣe ké e ká ní n kò kọ́ ọ:

"Uná ti mú ulé o! Ó ti mú ugi àjà, ó ti mú usu!"

Ìyá fò dìde. "Níbo?" Ó ti di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ti di ọmọ rẹ̀ lápá, ó ń wọ́ ọ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gbá orúnkún bàbá onílé pé kó dìde, ṣé kò gbọ́ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó rí i mú jókòó. Nígbà náà, orúkọ àwọn òṣèré ti kọjá, a kò sì rí bí eré náà ṣe parí. Èmi ni mo kọ ọ́, n kò pàdánù púpọ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀?" ni ìyá bi í.

Ìyàwó mi kò wò mí.

"Èmi ni, Màmá," ni mo wí.

"Ìwọ kẹ̀?" Ó ronú sí i. "Ó dáa. Iṣẹ́ rẹ ni."

Ilé iṣẹ́ náà tún ránṣẹ́ pè wá. Ìyàwó mi ní kí n mú ẹlòmíràn. Mo ní màá kọ̀wé sí adarí náà kó gbà á láyè láti sọ Èkìtì. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa obìnrin wá ohùn rẹ̀ kiri, kò rí nǹkan kan. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní orí téèpù kan náà ni wọ́n ń gba nǹkan míì sí láyé ìgbà yẹn, pé bóyá bọ́ọ̀lù ló ti wà lórí rẹ̀. Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní kó má sunkún mọ́. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, pé ohùn tó ń wá kò sí nínú téèpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé èmi ni mo yọ ọ́.